Kí Onífọ́tò Tó Yáwó Ra Kámẹ́rà Ńlá

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí ti kọ́kọ́ dá ariwo sílẹ̀ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wa. A ti fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí inú ó lè rọ̀, torí pé a kì í fi ìbínú kọ̀wé sínú ìwé ẹgbẹ́.

Mẹ́ta nínú àwọn onífọ́tò tó wà láàárín wa, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù yíká Ọjà-Ọba níbí, ló kọ̀wé wá pé àwọn ń fẹ́ ẹ̀yáwó láti fi ra kámẹ́rà tuntun. Owó tí wọ́n dárúkọ kì í ṣe kékeré. Aláṣọ lè fi kó ọjà kún ṣọ́ọ̀bù. Bí a ṣe ka ìwé wọn tán ni Àláájà kan tó ń ta aṣọ òfì ti ní kí a má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò, pé fóònù ti pa iṣẹ́ fọ́tò, pé ọmọ-ọmọ òun ló ya gbogbo fọ́tò ìsọmọlórúkọ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn nílé àwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn tó ń tọrọ owó dá a lóhùn pé, "Ìyá, ẹ má bínú, kámẹ́rà tí mò ń lò ló ń fà mí sẹ́yìn. Bí mo bá rí èyí tó tóbi rà, àwọn olówó GRA ni á máa pè mí." Ibẹ̀ ni ohùn ti lọ sókè. Títí tí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbà, a kò rí ibi fì sí.

Àwa ní tiwa gbà pé nínú Àláájà àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, kò sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Àláájà. Òótọ́ ni pé fóònù ti gba apá kan iṣẹ́ náà lọ, kò sì ní dá a padà. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò ọmọ tó ń jẹun, tàbí ti ọ̀rẹ́ méjì tó pàdé lọ́jà, kò tún ní wá onífọ́tò mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa pe iṣẹ́ yìí ní òkú. Àwọn àgbà inú wa rántí ìgbà tí onífọ́tò fúnra rẹ̀ ń wọ yàrá òkùnkùn, tí ó ń rẹ bébà sínú omi òògùn lábẹ́ iná pupa, tí ojú ènìyàn á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ lórí bébà bí ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ gbilẹ̀, tí àwọn ilé ìfọfọ́tò gbé ẹ̀rọ ńlá dé, tí wọ́n ń fọ odindi fíìmù láàárín wákàtí kan, wọ́n ní ó parí fún oníyàrá òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ ló sì parí fún lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé, ó wá kan àwọn ilé ìfọfọ́tò láti ti ìlẹ̀kùn. Kodak gan-an, tó jẹ́ pé ẹnjiníà rẹ̀ kan, Steven Sasson, ló kọ́kọ́ ṣe irú kámẹ́rà aláìlófíìmù bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1975, wọ kóòtù lọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Bí erin bá lè wó báyìí, kí ni ti onífọ́tò tó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ alátùpà? Síbẹ̀ àwọn kan wà ní Ìlọrin yìí tí wọ́n la gbogbo rẹ̀ kọjá, tí àwọn ọmọ oníbàárà wọn àtijọ́ ṣì ń wá wọn wá. Ó yẹ ká bèèrè ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ tó yàtọ̀ sí kámẹ́rà, torí pé kámẹ́rà ti yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́ bí ìgbà mẹ́rin.

Ìdáhùn kan wà nítòsí wa. Lọ́dún 1975 ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì jókòó ti àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ohun tó rí níbẹ̀, ó kọ ọ́ jáde lọ́dún 1978 nínú ìwé ìròyìn African Arts. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni bí wọ́n ṣe ń gbé ènìyàn jókòó. Àgbàlagbà tó wá ya fọ́tò á jókòó gbọnin, á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ lórí itan, ẹsẹ̀ yà díẹ̀, aṣọ tẹ́ rẹrẹ, ohun tó fi ipò rẹ̀ hàn wà lọ́wọ́ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ní rẹ́rìn-ín, kò sì ní fajú ro. Gbogbo wa la mọ fọ́tò yìí. Ó wà lára ògiri pálọ̀ bàbá wa àgbà.

Ohun kan tún wà tí Sprague sọ tó jọ wá lójú gan-an. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ìyá á gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò á ya ọmọ kan ṣoṣo yẹn, á wá fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí ó lè dà bíi pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á ya á, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún ya á. A mọ̀ pé àwọn alfa wa lè ní èyí kò bá ẹ̀sìn mu, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa ṣe é lónìí. Ohun tí a ń wí ni pé ìyá tó gbé ọmọ wá yẹn kò bèèrè orúkọ kámẹ́rà. Ó mọ̀ pé ọkùnrin tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ ohun tó ń dun òun, ó sì lè bá òun ṣe é.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní Bàmákò, lórílẹ̀-èdè Málì. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Seydou Keïta tẹ́lẹ̀ kí ó tó ṣí sítúdíò rẹ̀ lọ́dún 1948. Bó ṣe wọ́n fíìmù tó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń ya oníbàárà kan, aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ló sì fi kọ́ sẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n kí ó tó tẹ̀ ẹ́, á ti wo ojú oníbàárà, á ti tún ọrùn rẹ̀ ṣe, á ti yá a ní aago tàbí kóòtù bí kò bá ní. Nígbà tí wọ́n kó fọ́tò rẹ̀ lọ sí Paris lọ́dún 1994, ńṣe ni àwọn aláwọ̀ funfun ń to lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o! Àwọn ọmọ wa ti òde òní á ya ìyàwó kan ní ìgbà ẹgbẹ̀rún méjì lọ́jọ́ kan, wọ́n á wá fi oṣù mẹ́ta wá èyí tó dára nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ àwa tí a jókòó sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ẹ̀sùn tó ń wá láàárín ọlọ́jà tó ṣe ìgbéyàwó àti onífọ́tò tó gbà á yà, a kò tíì rí èyí tó sọ pé kámẹ́rà kéré. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di oṣù márùn-ún, ìyàwó ti lóyún." Tàbí pé, "A sanwó álíbọ́ọ̀mù méjì, ọ̀kan ló gbé wá." Tàbí pé, "Kò ya bàbá ọkọ rárá," bẹ́ẹ̀ bàbá ọkọ ló sì sanwó. Onífọ́tò náà á ní òun kò mọ̀ pé òun ni bàbá ọkọ. Kí ló dé tí kò bèèrè? Kí ọjọ́ yìgì tó pé, ó yẹ kí onífọ́tò ti dé ilé wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ó ti kọ orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ máà sí nínú fọ́tò, kí ó sì ti mọ ibi tí àwọn alfa máa jókòó sí. Síso yìgì kì í pẹ́. Wọ́n á ṣe àdúà, wọ́n á gba sàdáákì, ó ti parí. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ lẹ́ńsì lásìkò yẹn, kò tún ní rí i yà mọ́, wọn kò sì ní tìtorí rẹ̀ so yìgì lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kejì ni àwọ̀ ara. A fẹ́ sọ èyí gbọọrọ díẹ̀, ẹ fojú fò ó bí kò bá kàn yín. Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn. Ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀, ńṣe ló ń gbà á bí ohun aláwọ̀ eérú, kì í ṣe funfun, kì í ṣe dúdú. Bí bàbá ìyàwó bá wọ agbádá funfun báláú, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù fúnra rẹ̀, ojú bàbá á wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kún un, tàbí kí ó yí bàbá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á dúró dìgbà tó bá dé ìdí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni á ti wá máa bó àwọn ènìyàn láwọ̀. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wá hàn wá, ó ní, "Akọ̀wé, ta lèyí? Dúdú ni ọmọ tí mo bí." Kò fi fọ́tò yẹn kọ́ ògiri títí di òní. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ wa nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò láti fi wọn àwọ̀ jẹ́ fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun, Shirley ni wọ́n ń pè é, ó sì di àárín ọdún 1990 sí 1999 kí wọ́n tó fi obìnrin aláwọ̀ dúdú kún un. Wọn kò fi tiwa ṣe òṣùwọ̀n. Nítorí náà àwọn baba wa tó ya fọ́tò tó mọ́ kedere nígbà náà, ọgbọ́n orí ni wọ́n lò. Ọgbọ́n yẹn ṣì wà lórí àwọn àgbà díẹ̀ tó kù. Kì í ṣe ohun tí ẹ̀yáwó lè rà ní ṣọ́ọ̀bù, oṣù díẹ̀ lẹ́sẹ̀ àgbà ni.

Ohun kẹta kan àwọn obìnrin. Ní ìlú wa yìí, ọ̀pọ̀ ilé ni kò fẹ́ kí ọkùnrin àjèjì máa gbé kámẹ́rà wọ yàrá tí wọ́n ti ń wé gèlè fún ìyàwó. Àwọn onífọ́tò wa ń rí èyí bí ìdíwọ́. Àwa rí i bí ọjà. Ẹni tó bá kọ́ ìyàwó rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin níṣẹ́, ilé méjì ló máa ń pè é, torí pé ó lè ya tọkùnrin tobìnrin láì sí ìjà. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní Èkó, tọkọtaya kan, John àti Fúnmiláyọ̀ Abe, jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀ láti àwọn ọdún 1970 títí di 2006. Abi Morocco Photos ni wọ́n pe sítúdíò wọn. Kí a sì tún sọ ọ́ níbí: fọ́tò ìyàwó ilé onílé kì í ṣe ohun tí ẹ máa gbé sórí Facebook láti fi polówó ara yín láìgba àṣẹ. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, ìtìjú ti wà.

Bí a ti dárúkọ Abi Morocco yìí, ó rán wa létí ìpamọ́. Nígbà tí àwọn sítúdíò Èkó ń kógbá sílé, ọ̀pọ̀ nẹ́gátíìfù ni wọ́n ń dà nù sórí ààtàn tàbí tí wọ́n ń dáná sun, títí tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ láti ọdún 2015, tí wọ́n pe ara wọn ní Lagos Studio Archives. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò tọkọtaya yẹn fi dé London lónìí. Ní Benin, Solomon Osagie Alonge, tó ya fọ́tò ààfin Ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì ṣí Ideal Photo Studio lọ́dún 1942, tọ́jú tirẹ̀. Ó kú lọ́dún 1994. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni Smithsonian ní Amẹ́ríkà ṣí ìpàtẹ ńlá fún iṣẹ́ rẹ̀.

A kò retí kí Amẹ́ríkà wá bẹ ẹnikẹ́ni wò ní Ọjà-Ọba. Ṣùgbọ́n ọ̀nà owó wà nínú ìpamọ́ fún àwa náà. Nílẹ̀ wa, òkú Mùsùlùmí kì í sùn. Wọ́n á sin ín lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọ́tò ìyá wọn kiri kí àdúà ọjọ́ kẹjọ tó pé. Onífọ́tò tó bá lè sọ pé, "Mo ní in, èyí tí wọ́n yà níbi ìgbéyàwó Rúkáyátù lọ́dún 2009," ẹni yẹn ti di ara ilé. Ẹ wá gbọ́ ìdàkejì rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ya ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, kò kó o sórí kọ̀ǹpútà, ó sì fi memory card kan náà ya ti ọjọ́ Àìkú lé e lórí. Gbogbo ti Sátidé ló lọ. Àwa àti alága la bá a lọ dọ̀bálẹ̀ nílé àwọn ènìyàn náà. Ó dá owó wọn padà, ó fi kún un, wọ́n sì gbà. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ti ṣàìsí lẹ́yìn náà, ọjọ́ Sátidé yẹn sì ni wọ́n yà á kẹ́yìn. Kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló wọ́n jù lọ nínú ẹgbẹ́ wa. Memory card kejì ni kò ní.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó díẹ̀. Ká ní onífọ́tò gba ₦200,000 fún ìgbéyàwó kan. Ó fún ọmọ iṣẹ́ ní ₦30,000. Ọkọ̀ àti epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦20,000. Álíbọ́ọ̀mù àti fífọ fọ́tò gba ₦70,000. Dátà gba ₦5,000. Ó ku ₦75,000. Ó fi ọjọ́ kan yà á, ó fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó ti kọ̀ǹpútà. ₦15,000 lójúmọ́ nìyẹn, kò sì tíì yọ owó kámẹ́rà tó ń gbó. Ìlẹ̀kùn kékeré inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, tó ń ṣí tó ń pa dé, ọ̀kẹ́ márùn-ún sí mẹ́wàá ni àwọn tó ṣe é máa ń fojú bù fún un, ìyẹn 100,000 sí 200,000. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà níbi ìnáwó kan, àádọ́ta ìnáwó ló fi máa dé ibi àkọ́kọ́. Ṣé ó ti ń fi owó èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ pamọ́? Nínú àwọn mẹ́ta tó kọ̀wé wá, ẹnì kan ṣoṣo ló ní ìwé tó ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Òun gan-an ló bèèrè owó tó kéré jù.

Ohun tí a ń dábàá fún ìgbìmọ̀ nìyí. A kò ní kí wọ́n má yá wọn lówó. Ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń dá owó wọn déédé. Kí a kọ́kọ́ yá wọn ní kékeré, èyí tó lè ra iná kan, memory card tó pọ̀, àti hard disk méjì, kí ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí èkejì wà nílé. Kí wọ́n máa kọ àdéhùn sílẹ̀ pẹ̀lú oníbàárà: iye owó, owó àsansílẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ á jáde. Bí wọ́n bá fi ọdún kan san án tán, tí ìwé wọn sì fi hàn pé iṣẹ́ ń jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kí a wá sọ ti kámẹ́rà ńlá. Bí ẹnì kan bá ń kánjú, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi orúkọ kan yá owó ra lẹ́ńsì kan, kí wọ́n máa lò ó ní ìpín. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí owó kò tó láti lọ kó ọjà l'Ékòó.

Ó ku ibì kan tí àwa fúnra wa jẹ̀bi. Àwa akọ̀wé la kọ ọ́ sínú ìlànà pé iye kan náà ni kí gbogbo ayáwó máa san padà lóṣooṣù. Ó dára fún alátà àti oníyọ̀, tí ọjà wọn kì í sinmi. Ṣùgbọ́n bí Ràmàdáánì bá ti dé ní Ìlọrin, ta ló ń ṣèyàwó? Oṣù yẹn, onífọ́tò á jókòó, ẹ̀yáwó á máa dàgbà lé e lórí, á lọ yá owó níta láti fi san ti ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀, ìnáwó á wá dà lé ara wọn, mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Kí a jẹ́ kí wọ́n san díẹ̀ lóṣù ààwẹ̀, kí wọ́n san púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti ní bí a bá ṣe é fún onífọ́tò, onílù dàdàkúàdà náà á bèèrè. Kí ó bèèrè. Ṣé òun náà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni?

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀. Kí àwọn onífọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú ìwé owó wọn dání, kí wọ́n sì mú fọ́tò kan ṣoṣo tí ọwọ́ wọn yà wá, èyí tí wọ́n fẹ́ kí a fi mọ̀ wọ́n. Àláájà aláṣọ òfì ti ránṣẹ́ pé òun á wà níbẹ̀. Ó ní fọ́tò ìyá òun kan wà nílé tí eku ti jẹ ní etí, òun fẹ́ mọ èyí tó lè bá òun tún un ṣe nínú wọn.